Òdòdó fún Adéjọkẹ́, Pèrègún fún Ewúrẹ́

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹta 1976

Dókítà ní ẹsẹ̀ Adéjọkẹ́ ti ń gbọ́ràn. Ó fi òòlù kékeré gbá a lórúnkún, ẹsẹ̀ náà sì ta. Ó ní oògùn kọ́ ló kù, ìrìn ló kù. Bí kò bá rìn kí òjò ọdún yìí tó dá, ẹsẹ̀ náà yóò le sí bó ṣe wà yẹn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe mọ́. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un láti inú Faransé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́ ọ dáadáa. Ògiri ló ń wò.

Láti oṣù Kejìlá tí ẹ̀gbà ti dá a dùbúlẹ̀, inú pálọ̀ ló ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, á kẹ̀yìn sí fèrèsé. Obìnrin tó ń fẹsẹ̀ rìn dé ọjà pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí! Nígbà tí a délé, mo ní, "Ìyá Bernadette, jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí ọ." Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ wò níta? Ilẹ̀ pupa àti ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n yín?"

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Mo ní ó dáa, màá fún un ní ohun tó máa wò. Mo ní òdòdó ni n óò gbìn sí gbogbo iwájú ilé, olóríṣiríṣi àwọ̀, láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn títí dé ìdí kànga. Kouboura, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé mi, látìgbà tí mo ti wọlé yìí, mi ò rí i kẹ́ ẹ gbin ata rí."

Ọlọ́run jẹ́rìí, n óò gbìn ín.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹta

Bernadette wá láti Kútọnu. Ó ní owó táksí ti tún gbẹ́nu sókè. Ó mú irúgbìn wá nínú ìwé pélébé pélébé tí wọ́n ya àwòrán òdòdó sí lára: súsì àti sínnìà. Èmi fúnra mi ti lọ hú ìdò pupa létí ọ̀sà, mo sì gba èso tannápowó lọ́wọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ya bí yóò ṣe rí sórí bébà. Ìdò ni yóò wà lẹ́yìn pátápátá nítorí pé ó ga, sínnìà láàárín, súsì níwájú. Tannápowó yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, nítorí ìrọ̀lẹ́ ló máa ń tanná, ìrọ̀lẹ́ sì ni ọkàn Adéjọkẹ́ máa ń wúwo jù.

Lórí bébà ó dára. Lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ mìíràn. Abọ́ fífọ́ ni mo kọ́kọ́ wà jáde, lẹ́yìn náà ìdajì bàtà, lẹ́yìn náà irin kan tí n kò mọ ohun tó ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀. Ọwọ́ tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà ní pósítì kò mọ ọkọ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó ní méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹta

Kò sí òjò. Ìkùukùu ń kọjá lórí wa lọ sí Sèmè-Kpodji, kò tilẹ̀ yà kí wa.

Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹta

Òjò rọ̀! Kí ó tó dá ni mo ti wà níta, mo fi àpò sẹ́mẹ́ńtì borí. Mo ti po ìgbẹ́ màlúù mọ́ ilẹ̀ lánàá, èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní lẹ́yìn Djègan-Kpèvi. Ẹni tó fi púsúpúsú tì í wá gba owó tó ju owó ìgbẹ́ náà lọ. Mo gbin irúgbìn ní ìlà ní ìlà, mo sì ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú ìwé rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ń kọjá lẹ́nu géètì ló ní ọ̀rọ̀ sọ. "Músé Hilaire, ẹ̀fọ́ ni àbí ewédú?" Mo ní òdòdó ni. "Òdòdó? Kí la fi ń sè é?" Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ní kí n fi díẹ̀ pa mọ́ fún òun tó bá pọ́n, òun á fi jẹ ẹ̀kọ. Àgbà ọkùnrin tó ń gbin òdòdó ní Àjàṣẹ́, ó ti di eré ìta.

Adéjọkẹ́ kò wo ìta. Ó ní ìgbẹ́ màlúù ń rùn.

Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹrin

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Súsì hù ní ọjọ́ Ajé, sínnìà hù ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ewé méjì méjì, tútù yọ̀yọ̀. Mo ké sí Adéjọkẹ́ láti ojú fèrèsé. Ó ní òun gbọ́.

Láàárọ̀ òní ewúrẹ́ ti jẹ gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀! Wọn kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń jẹnu, òbúkọ wọn tí ìwo rẹ̀ ṣẹ́ ń wo mí bí ẹni pé èmi ni mo wá jalè.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ ní òdìkejì àgbàlá. Mo ní, "Fòfó Ràṣídì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀." Ó ń ka tẹ̀súbà, ó kà á tán kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Àbúrò, ewúrẹ́ Bàbá wa ló bí ìyá wọn. Ilé Bàbá wọn ni wọ́n ń jẹ̀." Ó sì rẹ́rìn-ín. N kò rí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹrin

Mo fi ẹ̀gún ká ibẹ̀. Wọ́n fò ó. Mo tún irúgbìn tó kù gbìn, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú pàṣán títí oòrùn fi kàn mí lórí. Bí mo ṣe wọlé lọ mu omi báyìí, òbúkọ ti débẹ̀.

Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹrin

Mo ti rí ojútùú! Pèrègún! Ewúrẹ́ kì í fẹnu kàn án. Ó máa ń hù níbi tí a bá kì í bọ̀, àní bí a bá dojú rẹ̀ bolẹ̀ pàápàá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Djègan-Kpèvi ní i lọ́pọ̀ lẹ́yìn ilé. Ó bẹ́ ọ̀pọ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì kì í bọlẹ̀ ní ìlà gbọọrọ láti ìdí kànga dé ara ògiri títì, ọ̀kan fara ti èkejì, mo fi ọparun dè é lókè àti nísàlẹ̀ kí ọmọ ewúrẹ́ má lè ráyè. Iṣẹ́ náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lónìí tí Fòfó Ràṣídì kò sí ńlé. Ó ti lọ wo àgbọn rẹ̀ ní Sèmè-Kpodji láti àná, ewúrẹ́ rẹ̀ kò sì ní agbẹjọ́rò.

Nígbà tí Kouboura kọjá wá láti wẹ Adéjọkẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe láràárọ̀, ó dúró. Ó wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Akọ̀wé mi, pèrègún lẹ gbìn yìí?"

Mo ní pèrègún ni.

"Ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ sí i?"

Mo ní kí ló kan ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ so, ó wọlé lọ. Àwọn obìnrin á máa ṣe bí ẹni pé gbogbo nǹkan ló ní ìdí.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹrin

Fòfó Ràṣídì dé láti Sèmè. Ó dúró níwájú pèrègún náà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́.

"Hilaire, ta ló kú?"

Mo ní kò sí ẹni tó kú.

"Ta wá ló kú tí o fi pín ilé Bàbá wa nígbà tí mi ò sí ńlé?"

"Fòfó, nítorí ewúrẹ́ ni mo ṣe gbìn ín."

"Ewúrẹ́! Látijọ́ tí wọ́n ti bí ọ, níbo lo ti rí i tí wọ́n to pèrègún la àárín ilẹ̀ kọjá tí kì í ṣe ààlà? Ọmọ ọwọ́ mọ ohun tí pèrègún ń wí. Ìyá mi àti ìyá rẹ jọ gbé inú ilé yìí láìní ààlà, èmi ń kírun, ìwọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a ò ní ààlà. Ìwọ lo wá fà á."

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n, kò sí oko tí mo dé rí tí n kò ti bá a lẹ́nu ààlà. Àmọ́ bí èèyàn bá ti ń bá ewúrẹ́ jà láti ọjọ́ yìí wá, ewúrẹ́ nìkan ló máa ń rí. Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní ìdúró yẹn ni, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá ti tán. Ṣùgbọ́n ó nàka sí mi lójú àwọn tó ń kọjá, ó ní, "Tu ú kí ilẹ̀ tó ṣú." Èmi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta! Mo ní bí ó bá so ewúrẹ́ rẹ̀, màá tu pèrègún mi. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Ẹtì, 16 Oṣù Kẹrin. Ẹtì Rere

Kouboura kò wá. A dúró títí oòrùn fi mú. Mo rí i ní ìdí ààrò rẹ̀, ó rí mi, ó sì yí ojú sí ìkòkò. Ọkọ rẹ̀ ti pàṣẹ fún un nìyẹn.

Èmi ni mo wẹ Adéjọkẹ́. Omi gbóná jù, mo tún bu tútù sí i, ó wá tutù jù. N kò mọ ibi tí wọ́n ń dì í mú kó tó lè dìde. Ọṣẹ wọ ojú rẹ̀. Ó sunkún, kì í sì í ṣe ti ọṣẹ. Ó ní, "Kí lẹ fi pèrègún ṣe, Bàbá Bernadette? Kí lẹ fi ṣe?"

Àìkú, 18 Oṣù Kẹrin. Àjíǹde

Mo dá nìkan lọ ṣọ́ọ̀ṣì. N kò gbọ́ ìwàásù.

Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹrin

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀, àkúfọ́ ló tún fọ́. Sikirou tó ń tún rédíò ṣe ni délégé, aṣojú ìjọba nínú kọmité àdúgbò, báyìí. Ó wọlé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀, ó na ìkúùkù sókè, ó kí mi bí ìjọba tuntun ṣe ní kí wọ́n máa kí ara wọn, ó ní, "Kamarádì Hilaire, prẹ̀ pú la revolisiọ́ọ̀n!" Mo ní ẹ kú àárọ̀.

Ó ní ìjọba ti pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn gbin oúnjẹ. Ilé ẹ̀kọ́ ń gbìn, ọ́fíìsì ń gbìn, sójà ń gbìn. "Orílẹ̀-èdè ń béèrè àgbàdo, ẹ̀yin ń fún un ní òdòdó?"

Mo ní, "Ìyàwó mi ni mò ń fún. Mi ò fún orílẹ̀-èdè."

Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó mọ Adéjọkẹ́, ó sì mọ bó ṣe rí. Ó ní kí n gbin ìlà àgbàdo méjì síwájú, kí wọ́n lè máa rí i láti títì, kí n ṣe ohun tó wù mí lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Nígbà tí okùn kan pèrègún, ó dúró.

"Ibí ni ilẹ̀ tiyín parí sí, àbí?"

Ohun tí mo fẹ́ ni kó tètè máa lọ. Adéjọkẹ́ ti ń pè mí látinú ilé pé òun fẹ́ lọ ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

Mo gbé ojú sókè. Fòfó Ràṣídì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Tẹ̀súbà kò lọ, kò bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá ló gbọ́.

Ẹtì, 30 Oṣù Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ewúrẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ó dúró lẹ́yìn pèrègún, ó gbóhùn sókè: "Ìwọ òbúkọ yìí, má sún mọ́bẹ̀ o. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ìjọba ti wọ̀n ọ́n fún un." Àwọn ará títì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Èmi kò rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Mo fẹ́ lọ ṣàlàyé fún un nírọ̀lẹ́. Mo dé ibi pèrègún, n kò mọ ibi tí n óò gbà kọjá. Èmi ni mo dè é pinpin bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Karùn-ún

Irúgbìn ti gbilẹ̀. Òjò ń rọ̀ déédéé, ewúrẹ́ kan kò kọjá, ìdò ti ga dé orúnkún mi. Ohun tí mo ń wá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, n kò sì láyọ̀ kan níbẹ̀.

Egbò ti fẹ́ yọ ní ìbàdí Adéjọkẹ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Kouboura ló mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà, bí wọ́n ṣe ń fi òrí pa á, òun ló sì ń fi ọ̀rọ̀ àpárá tàn án títí á fi na ẹsẹ̀ náà. Èmi máa ń sọ fún un pé kó na ẹsẹ̀, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó ti ń ta nígbà náà kò ta mọ́ bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Láràárọ̀ ó máa ń ké láti ojú fèrèsé tó ti kẹ̀yìn sí látijọ́, "Ìyáálé mi, ẹ kú ìdájí o!" Kò sí ẹni tó ń dá a lóhùn. Mo máa ń rí Kouboura tó ń dúró díẹ̀ kó tó máa gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n tanná! Súsì ló ṣáájú, olómi ọsàn, ó bo gbogbo iwájú. Sínnìà pupa, aláwọ̀ oyin, ọ̀kan wà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí n kò mọ orúkọ àwọ̀ rẹ̀. Ìdò yọ pupa lókè gbogbo wọn. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Àwọn tó ń fi ẹ̀kọ ṣe mí lẹ́fẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń na ọrùn wò ó.

Mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pọn Adéjọkẹ́ lẹ́yìn jáde. Mo gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ kó kọjú sí òdòdó. Mo dúró, àyà mi ń lù bíi ti ọ̀dọ́kùnrin.

Ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú kọjá orí òdòdó sí òdìkejì pèrègún, níbi tí Kouboura ti ń sá aṣọ.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ gbé mi wọlé."

À ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní a kò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ láàtàn. Mo kọ̀, n kò gbé e wọlé. Mo fi í síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó lè rí tannápowó. Nígbà tó tanná, ó ti sùn lọ lórí àga.

Ajé, 31 Oṣù Karùn-ún

Òjò ọjọ́ méjì. Sínnìà dùbúlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Epo fìtílà ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kò tíì dé. Sikirou mú àwọn kamarádì rẹ̀ wá wo àgbàdo mi, ó ní kí àdúgbò fi mí ṣe àwòkọ́ṣe. Ìlà méjì péré ni! Mo fẹ́ fi ọkọ́ lé gbogbo wọn jáde.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹfà

A jà lónìí, èmi àti Adéjọkẹ́, lórí oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní, "Ẹ lọ tu pèrègún yẹn."

"Bí mo bá tu ú, ewúrẹ́ á jẹ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan."

"Kí wọ́n jẹ ẹ́."

"Nítorí rẹ ni mo ṣe gbìn ín!"

"Mi ò bẹ̀ yín." Ó ti àwo sẹ́yìn. "Bàbá Bernadette, nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé yìí, mi ò mọ ẹnì kankan. Kouboura ló fi ibi ìdáná hàn mí. Òun ló di ẹ̀yìn mi mú níjọ́ tí mo bí Bernadette, tí ẹ̀yin wà ní pósítì. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, òun nìkan ni kì í wò mí bí aláìsàn. Ẹ wá fi igi dínà mọ́ mi."

Mo ní ọkọ rẹ̀ ló dínà, èmi kọ́. Mo ní kí ó so ewúrẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń so mí mọ́lẹ̀."

Mo jáde. Mo rìn dé etí ọ̀sà, mo ń dá ọ̀rọ̀ sọ. Mo ti fi ẹ̀yìn mi ṣe iṣẹ́ yìí, mo fi ọwọ́ mi ṣe é, mo fi ìtìjú ṣe é, kò sì sí ẹni tó dúpẹ́. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, mo sì ń bínú sí i débi pé n kò lè padà wálé kí oòrùn tó wọ̀.

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹfà



Mo lọ sí Djègan-Kpèvi láàárọ̀ lọ ra ọparun tí n óò fi gbé sínnìà dìde. Mo ti gbé Adéjọkẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó lọ. Nígbà tí mo padà dé ẹnu géètì, àga ṣófo. Ọkàn mi já. Mo rò pé ó ti ṣubú.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i. Ó wà ní ìdí pèrègún, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ọ̀pá tí dókítà fún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì mú pèrègún kan, ó ń mì í síwá sẹ́yìn, ó ń fà á. Ó ti tu bíi mélòó kan. Èyí tí kò lè tu, ó ti dá a. Láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn débi tó jókòó, ojú ọ̀pá àti ojú ẹsẹ̀ tó ń wọ́ ló la àárín àgbàdo, súsì àti sínnìà kọjá. Ó ti tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́nu mi ni, "Súsì mi o!" Mo kọ ọ́ síbí kí ojú lè máa tì mí.

Kò wẹ̀yìn. Kouboura ló gbọ́ igbe mi, ó sì jáde ní òdìkejì pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun. Ó figbe ta. "Adéjọkẹ́! Ta ló gbé ọ débẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

"Ta ló gbé ọ débẹ̀, mo ní?"

"Ìyáálé mi, ẹsẹ̀ mi ni. Ẹ bá mi fa èyí, ó le."

Kouboura kúnlẹ̀. Fòfó Ràṣídì ti dìde lórí àga rẹ̀, ó ní, "Kouboura!" Kouboura fi ọwọ́ ìyẹ̀fun di pèrègún náà mú ní apá tirẹ̀, Adéjọkẹ́ dì í mú ní apá tiwa, wọ́n jọ fà á, ó tú, àwọn méjèèjì sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, n kò mọ èwo. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde jókòó, wọ́n mú òmíràn.

Ìgbà yẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ tó wọ̀ mí lórí. Ó rìn. Ó sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, ó rìn, ẹnikẹ́ni kò dì í mú. Mo ju ọparun sílẹ̀, mo jókòó lé e lórí lẹ́nu géètì lójú gbogbo ayé, mo sì sunkún.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n mi ti dé ìdí pèrègún. Ó wo àwọn obìnrin méjèèjì. Ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọparun tí mo fi dè é.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹfà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Kouboura ti dé. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ilé ìwẹ̀. Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ó dá mi lójú.

Fòfó Ràṣídì dúró níbi tí pèrègún wà. Ó ní, "Nígbà tí délégé bi ọ́, kí ló dé tí o ò sọ pé ilẹ̀ Bàbá wa ni?"

Mo ní, "Mo fẹ́ kó tètè lọ ni. Ìyá Bernadette fẹ́ lọ ẹ̀yìnkùlé."

Ó wò mí títí. "Òmùgọ̀," ló wí. Bí ó ti ń pè mí nígbà tí a wà lọ́mọdé nìyẹn. Nírọ̀lẹ́ mo rí i tó ń so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹfà

Òbúkọ já okùn lóru. Kò ku súsì, kò ku sínnìà. Ó jẹ tannápowó tí èèyàn ń sọ pé kò ṣe é jẹ. Ó jẹ àgbàdo ìjọba. Ìdò nìkan ló kù, ó sì ti wó o lulẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mú okùn jíjá náà wá hàn mí. "Okùn ló gbó, àbúrò. Wò ó." Mo sọ ohun tí kò yẹ kí àbúrò sọ sí ẹ̀gbọ́n. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ láti oṣù Kẹta wá, ohun tí mo ní láti fi hàn fún gbogbo rẹ̀ kò ju ìgbẹ́ ewúrẹ́ lọ. Inú ń bí mi. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé kí n má bínú.

Ní ọ̀sán, Adéjọkẹ́ àti Kouboura tẹ́ ẹní sí àárín ibi tí òdòdó wà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fajú ro. Kouboura ní, "Akọ̀wé mi, ilẹ̀ ń dun ìyàwó yín ní ìbàdí. Ẹ bá a mú tìmùtìmù wá."

Mo fẹ́ lọ mú un. Adéjọkẹ́ ní kí n dúró. Ó fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lórí ilẹ̀ pupa náà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó gun àtẹ̀gùn, ó kọjá lára mi, ó wọlé. Ó jáde padà, ó ti há tìmùtìmù mọ́ abíyá ọ̀tún tí kò níláárí yẹn.

"Ẹ kúrò lọ́nà, Bàbá Bernadette," ló wí.

Mo kúrò lọ́nà.